Ìwé Ẹsẹ̀ Tíṣà

Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Bó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ rí lóòótọ́, egungun lásán ni ì bá kù lára Ìṣó lọ́dún tí mò ń sọ yìí.

Ìṣó kọ́ ni wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Iṣẹ́ bàtà títúnṣe ló ń ṣe, ìṣó kéékèèké mẹ́fà, méje ló sì máa ń há sáàárín ètè rẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, débi pé àwọn oníbàárà kan ò mọ̀ bóyá ó léyín. Ọmọbìnrin tó fẹ́ràn ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń rán ṣẹ́ẹ̀tì. Ihò bọ́tìnnì ni iṣẹ́ tirẹ̀, irínwó ihò lójúmọ́, Abẹ́rẹ́ ni gbogbo àdúgbò sì ń pè é. Nígbà tí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì fojú hàn, àwọn aláwàdà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé bí Ìṣó àti Abẹ́rẹ́ bá bímọ, ta ni yóò gbà láti pọ̀n ọ́n?

Bàtà ló mú wọn pàdé. Ṣọ́ọ̀bù kan wà lójú pópó ńlá tó ń ta bàtà gidi. Òyìnbó tó bá wọ ibẹ̀ á jókòó sórí àga aláwọ pupa, òǹtajà á kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, á fi irin wọn ẹsẹ̀ rẹ̀, á sì kó bàtà mẹ́rin, márùn-ún wá kó yàn. Aláwọ̀ dúdú ò gbọdọ̀ jókòó síbẹ̀. Kò gbọdọ̀ ki ẹsẹ̀ bọ bàtà tí kò tíì sanwó rẹ̀ pẹ̀lú. Ìwé ló máa mú wá: á tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ìwé nílé, wọ́n á fi pẹ́ńsùlù yí i ká, wọ́n á fi àlùmọ́gàjí gé e, òun ni yóò nà sí wọn lórí káńtà. Bó bá ti rà á, kò sí dídá padà, ì báà há, ì báà máa bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lójú ọ̀nà. Òfin ìlú ni, ọlọ́pàá ló sì ń ṣọ́ ọ.

Nítorí bẹ́ẹ̀, ìwé ẹsẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ìyá ló ń tọ́jú ti ọmọ, aya ló ń tọ́jú ti ọkọ. Bí ọmọge bá sì gbà kí ọkùnrin kan máa tọ́jú tòun, gbogbo ilé ti mọ ohun tó kàn.

Lọ́jọ́ tí Abẹ́rẹ́ kọ́kọ́ dé ìsọ̀ Ìṣó, ńṣe ló ń tiro.

"Bọ̀dá, ẹ bá mi na bàtà yìí. Ó fẹ́ jẹ ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi tán."

Ìṣó yọ gbogbo ìṣó ẹnu rẹ̀, ohun tí kò ṣe fún oníbàárà kankan rí. "Ìgbà wo lẹ rà á?"

"Àná."

"Ó mà yára jẹun o. Ẹ gbé ẹsẹ̀ lé ìwé yìí."

Ó fi pẹ́ńsùlù yí ẹsẹ̀ náà ká. Nígbà tí Abẹ́rẹ́ padà wá gba bàtà, kò béèrè ìwé. Oṣù mẹ́fà kọjá, ìfẹ́ ti wọ ọ̀rọ̀ náà, ó wá bi í léèrè lọ́jọ́ kan pé, "Ìwé ẹsẹ̀ mi ńkọ́?"

"Ó wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi."

"Kó máa wà níbẹ̀," ni Abẹ́rẹ́ wí.

Àǹtí Ìṣó, alágbàfọ̀ tó tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀, ló ṣe alárenà. Ó lọ bá bàbá Abẹ́rẹ́. Agbálẹ̀ ni bàbá náà, inú ṣọ́ọ̀bù bàtà yẹn gan-an ló sì ti ń gbálẹ̀ láti ọgbọ̀n ọdún. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní ohun kan tó fẹ́.

"Ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún mi nìyẹn. Bàtà funfun kan wà nínú àpótí gíláàsì níbi iṣẹ́ mi. Àárọ̀ àárọ̀ ni mò ń nu eruku ara gíláàsì yẹn. Òun ni kí Ìṣó rà fún un kó wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó."

Ìṣó ṣiṣẹ́ bí ẹrú fún oṣù mẹ́jọ. Nígbà tí owó bàtà pé, ó sáré lọ bá Abẹ́rẹ́ nílé. "Ìwé rẹ rè é nínú àpò mi, jẹ́ ká lọ."

Abẹ́rẹ́ ò dìde. "Mi ò ní fi ìwé ra bàtà ìgbéyàwó mi. Mo fẹ́ jókòó kí n wọ̀ ọ́ wò. Mo fẹ́ rìn nínú rẹ̀ kí n tó sanwó."

"Abẹ́rẹ́, ṣé ara rẹ yá?"

"Ara mi yá. Àwa kan ti ń pàdé ní kíláàsì lẹ́yìn tí ilé ìwé bá jáde. Tíṣà ló ń kọ́ wa. Tíṣà ní a máa wọlé, a máa jókòó, a ò ní jà, a ò sì ní dìde. Tíṣà ní bí èèyàn bá gbá òyìnbó létí, etí òyìnbó ni gbogbo ayé máa wò, ta ló tún máa wo ẹsẹ̀ wa? Tíṣà ní..."

Ìṣó ka "Tíṣà ní" mọ́kànlá kí omi tí Abẹ́rẹ́ gbé kaná tó hó. Ó mọ Tíṣà náà. Ta ni ò mọ̀ ọ́n? Ọkùnrin gíga, ohùn rẹ̀ tutù, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kì í rún. Bóyá Abẹ́rẹ́ ló dá ihò bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì náà. Èrò yìí kọjá lọ́kàn Ìṣó, kò sì jẹ́ kó lè jẹun alẹ́.

Láti ọjọ́ náà, ó di aṣọ́nà. Ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí títì, bí Abẹ́rẹ́ bá ń bọ̀ láti ìpàdé, ó máa ń rí i. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, èèyàn márùn-ún ló bá a rìn. Lọ́jọ́ kẹta, méjì. Lọ́jọ́ kẹfà, Tíṣà nìkan ni, ó bá a gbé báàgì, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Kí ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín? Ìṣó fi òòlù lu àtàǹpàkò ara rẹ̀.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju eéje lọ. Ní ọjọ́ kan, Abẹ́rẹ́ ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé, ó ní kí Ìṣó bá òun mú owú ìránṣọ kan nínú báàgì. Ìṣó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì bá ìwé. Ó fa ti òkè yọ. Ìwé ẹsẹ̀ ni, ẹsẹ̀ ọkùnrin, ó gùn, ìka kejì sì yọ ju àtàǹpàkò lọ. Ẹlòmíràn lè wo ìwé yẹn títí di ọ̀la kó má mọ ẹni tó ni ín. Ṣùgbọ́n Ìṣó mọ ẹsẹ̀ bí olùkọ́ ṣe ń mọ ojú ọmọ kíláàsì. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti fi awọ dí ihò tí ìka kejì yẹn dá sórí bàtà.

Ẹsẹ̀ Tíṣà ni.

Ó dá a padà sínú báàgì, ó gbé owú fún Abẹ́rẹ́, ó sì ní orí ń fọ́ òun. Bó bá béèrè nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí. Ṣùgbọ́n òjòwú kì í béèrè, ẹ̀rù ìdáhùn ń bà á. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ilé bàbá Abẹ́rẹ́ ló gbà lọ.

"Ọkọ ọmọ mi," ni bàbá náà wí, "ṣé kò sí?"

"Bàbá, ẹ bá mi kìlọ̀ fún Abẹ́rẹ́. Tíṣà kan ti ń kó wọn jọ ní kíláàsì. Wọ́n fẹ́ lọ jókòó sórí àga àwọn òyìnbó níbi tí wọ́n ti ń ta bàtà."

Bàbá agbálẹ̀ di ọwọ́ àga tó jókòó lé mú gírígírí. "Ṣọ́ọ̀bù tèmi?"

Ìgbà yẹn gan-an ni orí Ìṣó wálé. Tíṣà ló ti ń wò látọjọ́ yìí, kò tiẹ̀ rántí pé iṣẹ́ bàbá àna rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

"Ọgbọ̀n ọdún," ni bàbá náà wí. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń nu àga yẹn. Mi ò jókòó lé e rí, kódà nígbà tí kò bá sẹ́nì kankan nínú ilé. Wọ́n á ní èmi ni mo rán ọmọ mi."

Nígbà tí Abẹ́rẹ́ wọlé, bàbá rẹ̀ ní kó mú ọ̀kan, ìpàdé tàbí ìgbéyàwó. Abẹ́rẹ́ kúnlẹ̀, ó bẹ bàbá rẹ̀ pé kó má bínú, ó di ẹrù, ó sì kó lọ sọ́dọ̀ alágbàfọ̀, àǹtí Ìṣó fúnra rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dúró níwájú ìsọ̀.

"Ta ló sọ fún bàbá mi?"

Ìṣó ń kan bàtà lọ.

"Yọ ìṣó ẹnu rẹ. Èmi ni mò ń bá ọ sọ̀rọ̀."

Ó yọ ọ́. "Ìwé ẹsẹ̀ ta ló wà nínú báàgì rẹ?"

Abẹ́rẹ́ ṣí báàgì náà, ó sì da gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí tábìlì iṣẹ́ Ìṣó. Ìwé ẹsẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ arúgbó, ẹsẹ̀ ọmọ ọwọ́, ẹsẹ̀ aboyún tó wú, ẹsẹ̀ tí ìka rẹ̀ ti ká mọ́ra nítorí bàtà tó há. Wọ́n ṣubú sórí òòlù, wọ́n ṣubú sílẹ̀.

"Igba ó lé mẹ́tàdínlógún ni. Orí káńtà wọn la fẹ́ kó o sí, ká sọ fún wọn pé a ti dá ìwé padà, ẹsẹ̀ la mú wá. Wá Tíṣà rẹ níbẹ̀. Tìẹ nìkan ni ò sí níbẹ̀. Mò ń retí kó o fún mi fúnra rẹ, kí n fi lé orí gbogbo wọn."

"Èmi rò pé..." ni Ìṣó wí.

"Mo mọ ohun tó o rò. Jẹ́ kí n fi kún un fún ọ. Tíṣà fẹ́ mi. Ó sọ ọ́ lójú mi. Mo ní ìwé ẹsẹ̀ mi wà lọ́wọ́ ẹnìkan, kò sì tún un sọ mọ́. Òun tí mo kọ̀, ó fọwọ́ wọ́nú. Ìwọ tí mo gbà, ìwọ lo lọ tà mí fún bàbá mi." Ó na ọwọ́. "Fún mi ní ìwé mi."

Ìṣó yọ ọ́ láti inú àpò àyà. Abẹ́rẹ́ fi kún àwọn yòókù, ó kó gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò jẹ́ kí Ìṣó bá òun ṣà á.

Ọjọ́ mẹ́rin ni Ìṣó fi bẹ àǹtí rẹ̀.

"Ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. Àbí ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣe alárenà?"

Alágbàfọ̀ ń lọ aṣọ, kò gbójú sókè. "Ẹyin lohùn. O ti là á mọ́lẹ̀, o wá ní kí n bá ọ kó o jọ."

"Mi ò ṣe é nítorí ibi, Àǹtí. Ìfẹ́ ló fà á."

"Ìfẹ́ kọ́. Owú ni, pe orúkọ rẹ̀. Ó ní kí n sọ fún ọ pé òun ò bá ọ jà, pé òun ò ráyè. Ọ̀la ni wọ́n ń wọlé."

Lọ́jọ́ kejì, Ìṣó ti ìsọ̀ rẹ̀, ó lọ dúró ní òdì kejì títì, ní ọ̀kánkán fèrèsé gíláàsì ṣọ́ọ̀bù náà. Ó rí wọn tí wọ́n tò wọlé, èèyàn mẹ́jọ, tí wọ́n kó ìwé lé káńtà, tí wọ́n jókòó sórí àga pupa, tí kálukú sì bọ́ bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ó rí àwọn òyìnbó tí wọ́n yí wọn ká. Ó rí i tí wọ́n da nǹkan lé wọn lórí. Ọlọ́pàá wá kó wọn lọ, nígbà tó di ọjọ́ kejì, mẹ́jọ mìíràn jókòó. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n tú àwọn àkọ́kọ́ sílẹ̀, ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n tún gbà.

Gbogbo ìlú ń sọ ìgboyà wọn. Mi ò ní purọ́ fún yín, àga ni Ìṣó ń wò. Àga mẹ́jọ ló wà níbẹ̀. Àga kẹta ni Abẹ́rẹ́ máa ń jókòó sí, Tíṣà wà lórí ìkẹrin. Bí wọ́n bá ju ìdọ̀tí lu Abẹ́rẹ́, èjìká Tíṣà ló ń bà. Wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ ọlọ́pàá. Kí ni wọ́n ń bá ara wọn sọ níbẹ̀? Nígbà tó di ọjọ́ kẹfà, Ìṣó ò lè gbà á mọ́ra mọ́, ó lọ kan ilẹ̀kùn kíláàsì. Kì í ṣe òmìnira ló gbé e débẹ̀, owú ni.

Tíṣà fúnra rẹ̀ ló ṣí i. Àwọn méjèèjì wo ara wọn.

"Mo fẹ́ jókòó," ni Ìṣó wí.

"Kó gbogbo ìṣó àpò rẹ sílẹ̀. Ohunkóhun tó lè gún èèyàn ò gbọdọ̀ bá wa wọ ibẹ̀."

Wọ́n to àga bíi ti ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n dá a jókòó, àwọn kan ṣe bí òyìnbó, wọ́n bú u, wọ́n ti orí rẹ̀, wọ́n da omi sí i lọ́rùn. Ó fara dà á. Ìgbà náà ni Tíṣà tẹ̀ síwájú, ó fẹnu sí i létí.

"Ìwọ ni ọkùnrin tí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ gba ìwé ẹsẹ̀ padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kọ̀ mí nítorí rẹ, o sì sọ ọ́ nù. Bó bá wá sọ́dọ̀ mi lọ́la, kí lo máa ṣe?"

Ìṣó ti dìde kí ó tó mọ̀, ìkúùkù rẹ̀ ti wà lókè. Tíṣà ò sún sẹ́yìn, kò gbé ọwọ́ bo ojú. Ó kàn dúró síbẹ̀, ó ń wò ó.

"Jókòó," ni Tíṣà wí. "Bí ọwọ́ bá ń yún ọ, fi méjèèjì sábẹ́ itan. A ó tún un ṣe."

Wọ́n tún un ṣe ní ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án. Ní ẹ̀ẹ̀kẹsàn-án, omi ń dà lójú Ìṣó, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ wà lábẹ́ itan.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án tí wọ́n ti ń jókòó, Ìṣó wà lórí àga karùn-ún. Abẹ́rẹ́ rí i, ó lọ jókòó sórí àga kẹta tirẹ̀. Tíṣà wà láàárín wọn. Ìṣó bọ́ bàtà ọ̀tún, ó yọ ìwé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nínú àpò, ó dìde, ó lọ fi lé orí gbogbo ìwé tó wà lórí káńtà, ó sì padà jókòó.

Ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó kan wọlé pẹ̀lú bàtà ńlá tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ le bí irin. Ó wo àwọn ẹsẹ̀ tó wà nílẹ̀ bí ẹni tó ń yan ẹran. Ó gbé bàtà rẹ̀ lé ẹsẹ̀ Tíṣà, ó sì fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, ó ń yí i bí ẹni tó ń pa iná sìgá. Ìka kejì yẹn. Ìṣó gbọ́ bó ṣe ró. Tíṣà di ojú, òógùn bò ó, kò sì fa ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ. Ìṣó, tó ti fi oṣù kan gbáko fẹ́ kí ìka yẹn kán, wá rí i pé kò dùn mọ́ òun nínú rárá. Ojú tì í.

Bàtà náà sún kúrò níbẹ̀, ó lọ sọ́dọ̀ Abẹ́rẹ́, ó sì gùn ún lẹ́sẹ̀.

Abẹ́rẹ́ bu ètè jẹ. Ó yí ojú sí Ìṣó, ojú náà ò sì bẹ̀bẹ̀ fún ìrànlọ́wọ́, ohun tó ń sọ ni pé jókòó. Ìṣó tẹ ọwọ́ mọ́ abẹ́ itan títí ìka rẹ̀ fi kú. Kò dìde. Mo rò pé kò sí iṣẹ́ tó le tó bẹ́ẹ̀ tó ṣe rí láyé.

Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù pariwo, "Agbálẹ̀! Wá gbá gbogbo pàǹtí yìí jáde!"

Ó fi ọwọ́ gbá àwọn ìwé orí káńtà dà sílẹ̀. Bàbá Abẹ́rẹ́ jáde láti ẹ̀yìn pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Láti ọjọ́ mẹ́sàn-án, ẹ̀yìn ilé ló ń sá pamọ́ sí kí òun àti ọmọ rẹ̀ má baà ṣe ojú mẹ́rin. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń gbá ìwé. Ó gbá a dé iwájú àga kẹta, ó rí ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ lábẹ́ bàtà òyìnbó yẹn, awọ orí ẹsẹ̀ náà ti bó. Ó dúró.

"Ọ̀gá kékeré," ni bàbá náà wí fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà, jẹ́jẹ́ bó ṣe máa ń bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbẹ́sẹ̀. Mo fẹ́ ṣiṣẹ́."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbẹ́sẹ̀, ó rò pé ilẹ̀ ló fẹ́ gbá. Bàbá gbé ìgbálẹ̀ ti ògiri. Ó lọ sẹ́yìn káńtà, ó mú irin tí wọ́n fi ń wọn ẹsẹ̀, irin tó ti ń nù fún ọgbọ̀n ọdún. Ó padà wá, ó sì kúnlẹ̀ níwájú ọmọ rẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ dìde," ni Abẹ́rẹ́ wí, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Gbé ẹsẹ̀ rẹ wá."

Ó wọ̀n ọ́n. Ó ṣí àpótí gíláàsì, ó mú bàtà funfun náà jáde, ó sì wọ̀ ọ́ sí i lẹ́sẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò mira nínú ilé náà, bí ẹni pé wọ́n kàn wọ́n mọ́lẹ̀. Abẹ́rẹ́ dìde. Ó rìn ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ, ó rìn mẹ́ta bọ̀. Bàtà tí bàbá rẹ̀ ti ń wò láti ẹ̀yìn gíláàsì láti ìgbà tí Abẹ́rẹ́ ti wà lọ́mọdé nìyẹn.

"Ó ń há mi, Bàbá," ló wí. "Ẹ bá mi mú èyí tó tóbi díẹ̀ wá."

"Ó dáa," ni bàbá rẹ̀ dáhùn, bó ṣe ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn òǹtajà. "Ẹ jókòó, mò ń bọ̀."

Kò rí i mú dé tí àwọn ọlọ́pàá fi wọlé. Bàbá, ọmọ, Tíṣà àti Ìṣó, ọkọ̀ kan náà ni wọ́n kó gbogbo wọn sí. Nínú ọkọ̀ náà, Abẹ́rẹ́ na ẹsẹ̀ tó bó náà sórí orókún Ìṣó. Ìṣó fi áńkáṣíìfù rẹ̀ dì í. Bàbá yí ojú sí òde.

"Wọ́n ti lé mi níbi iṣẹ́," ni bàbá wí. "Ìṣó, ṣé àyè àga kan wà ní ìsọ̀ rẹ?"

"Méjì wà, Bàbá."

Oṣù márùn-ún ni wọ́n fi ń wọlé, tí wọ́n ń jókòó, tí àwọn dúdú ìlú náà ò sì ra bàtà kankan níbẹ̀, kí ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù tó gbà. Òfin ṣì wà nínú ìwé ìjọba nígbà yẹn, ṣùgbọ́n àga pupa ti di ti gbogbo èèyàn. Ìdajì iṣẹ́ Ìṣó bá a lọ, torí kò sí ẹni tó ń gbé bàtà tó há wá mọ́. Tíṣà ń tiro díẹ̀. Ìṣó ló ṣe bàtà tí ìka rẹ̀ lè sinmi nínú rẹ̀ fún un, kò sì gba kọ́bọ̀.

Nígbà tí ìgbéyàwó ku ọ̀sẹ̀ kan, Ìṣó àti Abẹ́rẹ́ wọ ṣọ́ọ̀bù náà. Wọ́n jókòó. Òǹtajà òyìnbó kan, ọ̀dọ́, tó ya irun rẹ̀ sí méjì, wá kúnlẹ̀ níwájú Abẹ́rẹ́. Ó mú gìgísẹ̀ rẹ̀ dání, ó wọn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wọ bàtà funfun kan fún un, ó bọ́ ọ, ó wọ òmíràn, ó béèrè bóyá ó tẹ́ ẹ lọ́rùn, kò sì tètè fi gìgísẹ̀ náà sílẹ̀.

Ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ sùn sí àtìmọ́lé ní ẹ̀ẹ̀mẹfà nìyẹn, ohun náà gan-an. Ìṣó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó tún wo ọwọ́ òǹtajà yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Abẹ́rẹ́ bojú wẹ̀yìn láti béèrè pé èwo ló dára jù, ó sì bú sẹ́rìn-ín débi pé bàtà bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ lọ́la jókòó ṣánṣán, ó ń wo òrùlé, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì wà lábẹ́ itan.